Ọwọ́ Tí Wọ́n Dì Mọ́ Mi Lára

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Iléṣà ló ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe láyé. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti jáde ilé ìwé, wọn kò sì mọ ohun tí wọn yóò dì mú. Mo sọ díẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè dúró sọ tán lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti sọ ọ́ dé òpin. Bí ẹ bá ń wá ìtàn ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó wá di ọlọ́lá, ẹ má fi èyí dá ara yín lágara. Káfíńtà ni mí. Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù ní àgbọ̀n mi títí ojú mi fi kọ̀ láti rí ìlà pẹ́ńsùlù lára pákó mọ́. Ó fún mi lóúnjẹ jẹ. Ó sì gba ohun tó gbà.

Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, alàgbà sì ni nínú ìjọ, ẹni tí kì í fẹ́ kí ohunkóhun wọ́ nínú ilé rẹ̀. Bí àga bá yẹ̀ díẹ̀ lára ògiri, yóò dìde lọ tì í padà. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́fà, ó ní oko kò lè tó gbogbo wa pín, kí n lọ kọ́ṣẹ́. Ó mú mi lọ sí Òṣogbo, sọ́dọ̀ Ọ̀gá Lámídì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òkè-Fíà, ó bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ igi, ó gbàdúrà lé mi lórí, ó sì lọ.

Ọ̀gá Lámídì kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, ohun tó sì ń bani lẹ́rù lára rẹ̀ nìyẹn. Bí o bá so igi méjì pọ̀, yóò fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, yóò tì í sí ojú ibi tí igi méjèèjì ti pàdé. Bí ẹyọ ìgbálẹ̀ náà bá lè wọlé, á gbé òòlù, á fọ́ iṣẹ́ náà, á ní, "Tún un ṣe." Kò ní bú ọ. Kò sì ní lù ọ́, àfi bí o bá fi ayùn sílẹ̀ sínú ìrì. Ó ní ẹni tó bá lè fi irin iṣẹ́ sílẹ̀ sínú ìrì, ó lè fi ìyá rẹ̀ náà síbẹ̀.

Àwọn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ fi èdè mi ṣe yẹ̀yẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ọmọ Òṣogbo ni wọ́n, wọ́n ń pe iṣu ní iṣu, wọ́n ń pe ilé ní ilé. Èmi ní tèmi ń pè é ní "uṣu" àti "ulé" bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wa. Bí mo bá ti lanu, ẹ̀rín á bú. Kò pẹ́ tí mo fi gbé èdè Ìjẹ̀ṣà mi pa mọ́, tí mò ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn. N kò mọ̀ pé ohun mìíràn wà tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ mi nílé kí n tó dé Òṣogbo rárá.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilẹ̀ ni mò ń gbá. Mò ń pọn omi fún ìyàwó ọ̀gá, mo sì ń fi sáńpépà ra igi títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Ìyẹn kò dùn mí. Ìgbà tí wọ́n fún mi ní ayùn ni wàhálà dé.

Ayùn kò gbọ́ tèmi. Ọ̀gá á fa ìlà sórí pákó, mo rí ìlà náà kedere, mo mọ ibi tó yẹ kí ayùn gbà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, á yà kúrò lójú ìlà bí ewúrẹ́ tó rí ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí mo bá fẹ́ kan ìṣó, àtàǹpàkò mi ni òòlù ń bá. Àwọn ẹgbẹ́ mi sọ mí ní Ọlọ́wọ́-Igi. Wọ́n ní igi ìrókò ni Ọlọ́run fi gbẹ́ ọwọ́ mi, pé kò lè tẹ̀.

Ọ̀gá pè mí lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun àílà.

"Jídé, orí rẹ pé. Bí mo bá ṣàlàyé iṣẹ́, ìwọ ló kọ́kọ́ máa ń yé. Kí ló wá ń ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Mi ò mọ̀, Ọ̀gá."

"Ṣé ó ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"A jẹ́ pé o ò fi ọkàn sí i nìyẹn."

Mo fi ọkàn sí i. Ọlọ́run rí mi. Mò ń jí ṣáájú gbogbo wọn láti máa fi àjákù pákó dánra wò, mo sì ń gbàdúrà sórí ayùn bí ẹni ń gbàdúrà sórí aláìsàn. Kò yí padà.

Ìgbà kan wà tí mò ń gbẹ́ ihò sára férémù ilẹ̀kùn. Ọkàn mi ti wọ inú iṣẹ́ náà débi pé n kò mọ̀ pé òòlù tí mo fi ń lu irin ìgbẹ́hò ti bọ́ sí ọwọ́ òsì mi. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé igi ìwọ̀n Ọ̀gá tí kì í luni balẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́ náà.

"Òsì kẹ̀? Nínú ṣọ́ọ̀bù mi? Ilẹ̀kùn tí ènìyàn máa gbà wọlé lọ sùn lo fẹ́ fi ọwọ́ tí a fi ń nùdí ṣe?"

Mo dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. Lójú mi, ìwà ọ̀bùn ni mo hù, bí ìgbà tí ènìyàn bá tutọ́ níwájú àgbà. N kò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò tí mo gbẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó wò ó, èmi pàápàá kò wò ó.

Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ gba fírídọ́ọ̀mù, èmi kù sẹ́yìn. Àwọn tó dé lẹ́yìn mi náà gbà á. Nígbà tí Ọ̀gá máa dá mi sílẹ̀, àánú ló fi ṣe é. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó súre, lẹ́yìn náà ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Wá ẹni tí wàá máa bá ṣiṣẹ́. Má dá dúró. Ọwọ́ rẹ kò lè dá dúró." Kò sọ ọ́ láti bú mi. Bàbá ló ń bọ́mọ sọ òtítọ́ tó mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń bá àwọn káfíńtà mìíràn di nǹkan mú. A kan òrùlé káàkiri Òṣogbo títí dé Ìdó-Ọ̀ṣun. Wọ́n á gun òkè, èmi á dúró nísàlẹ̀, máa di ẹsẹ̀ àkàbà mú, máa ju ìṣó sókè. Bí wọ́n bá fún mi ní ibì kan kàn, ibi tí àjà máa bò ni. Inú mi kì í dùn sí i, ṣùgbọ́n n kò bínú. Orúkọ tí wọ́n bá ń pe ènìyàn fún ìgbà pípẹ́, yóò máa jẹ́ ẹ. Mo gbà pé bí àwọn kan ṣe ń ya arọ, tí àwọn kan ń ya adití, èmi ya ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dá. Mo tún gbà á gbọ́ débi pé bí ẹnikẹ́ni bá yin iṣẹ́ mi, mo máa ń rò pé ó ń fi mí ṣe ẹ̀sín.

Mo fẹ́ Àbẹ̀ní, ọmọ Iléṣà, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. A bí Tọ́pẹ́. A kó lọ sí Iléṣà lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, mo sì rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe àga àti ibùsùn. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ ayùn. Tábìlì irin ni, abẹ ayùn roboto yọ láàárín rẹ̀. Bí wọ́n bá tan iná sí i, á máa pariwo bí ẹni tó ń sunkún tí kò fẹ́ mí. Àwọn àgbà káfíńtà kórìíra rẹ̀. Wọ́n ní ó ti gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ènìyàn, pé láyé ìgbà tí àwọn méjì ń fi ayùn gígùn la gẹdú, igi máa ń mọ ẹni tó ń gé òun. Èmi nìkan ni inú mi dùn. Ẹ̀rọ kì í béèrè bóyá ọwọ́ rẹ dá. O máa kàn ti pákó sí i ni, òun á gé e tààrà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, iṣẹ́ mi gún. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa dúró nídìí rẹ̀ lójoojúmọ́, èmi ni mo yọ̀ǹda ara mi.

Kọ́lá ni ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀. Ọmọ Ìsọ́kùn ni, òun ló ń kun àga ní fáníìṣì. Bó bá ń kun àga, á máa bá àga sọ̀rọ̀, á ní, "Ìyàwó, rọra, mo fẹ́ fún ọ láṣọ." Gbogbo ilé iṣẹ́ ló gbọ́ orúkọ Ọlọ́wọ́-Igi, torí ó bá mi dé láti Òṣogbo, ṣùgbọ́n Kọ́lá kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Bùnmi ni nígbà náà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni. Iná ìjọba ń lọ, ó ń bọ̀. Pákó ọ̀gánwó kan wà tí ìṣó àtijọ́ wà nínú rẹ̀, èyí tí igi ti gbé mì tí kò hàn síta. Mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún ti pákó náà, òsì ń tọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Bí abẹ ṣe kan ìṣó, pákó fò padà. Ká ní ọwọ́ tó wà lórí rẹ̀ le dáadáa ni, bóyá ì bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bóyá. Ó fa ọwọ́ mi wọ inú abẹ, ó gba ìhà mi kọjá, ó lọ bá Kọ́lá tó ń kọjá lẹ́yìn mi pẹ̀lú agolo fáníìṣì. Ikùn ló ti bá a.

N kò tíì mọ̀ pé ìka mi ti lọ. Kọ́lá ni mò ń wò. Ó rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀, fáníìṣì ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi gbá mi?"

N kò tún gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkọ̀ kan náà ló gbé wa lọ sí ọsibítù. Wọ́n ṣì ń múra láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nígbà tí ẹ̀mí bọ́. Èmi, wọ́n gé ohun tó kù nínú ìka mẹ́rin ọwọ́ ọ̀tún mi. Àtàǹpàkò nìkan ló ṣẹ́kù.

Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi lórí ibùsùn. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé yóò sunkún, mo ti múra láti bá a sun ún. Kò sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n Jídé, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọwọ́ yín ò dá. Ẹ̀yin náà mọ̀. Kí ló dé tí ẹ fi dúró nídìí ẹ̀rọ yẹn?"

Ó dúró de èsì mi. Ó dúró títí nọ́ọ̀sì fi wá ní kí ó máa lọ. Ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó jáde.

Ilé iṣẹ́ kò gbà mí padà, n kò sì retí rẹ̀. Mo jókòó sílé. Àbẹ̀ní ń ta bùrẹ́dì àti ọṣẹ níwájú ilé, ohun tó bá rí níbẹ̀ la ń jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọwọ́ méjì, ẹ kò mọ bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe wà nínú gbogbo nǹkan: ìkíni, oúnjẹ, títọwọ́ bọ omi pẹ̀lú àgbà. Bí àlejò bá wọlé, mo máa ń fi aṣọ bo kùkù ọwọ́ náà, tí n kò sì ní na òsì sí i. Mò ń fi ṣíbí jẹ iyán. Àwọn ènìyàn ń bọ̀ wá kí mi, bí wọ́n bá sì ti jáde, mo máa ń gbọ́ wọn lójúde: "Ọwọ́ ẹ̀ ti burú tipẹ́. Ó kàn wá pààyàn ni."

Mo sọ fún Àbẹ̀ní pé mo fẹ́ lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Bàbá ti kú nígbà náà. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé n kò fẹ́ kí Tọ́pẹ́ máa wò mí.

Ní òwúrọ̀ kan ìyá mi gbé iṣu àti ọ̀bẹ síwájú mi, ó ní kí n bẹ ẹ́ kí òun lọ wá igi ìdáná lẹ́yìnkùlé. Ó jọ pé ó gbàgbé. Ó wù mí kí n jẹ́ kó gbàgbé bẹ́ẹ̀. Mo fi kùkù ọ̀tún tẹ iṣu mọ́ orókùn, mo fi òsì mú ọ̀bẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ ẹ́. Ọkàn mi kò sí níbẹ̀, Kọ́lá ni mò ń rò. Ìgbà tí mo máa wo ilẹ̀, èèpo iṣu náà ti ká jọ láàárín ẹsẹ̀ mi, tínínrín, gígùn, kò já.

Igi ìdáná bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ mi.

"Ó ti padà dé," ó ní.

"Kí ló padà dé, Màmi?"

"Ọwọ́ rẹ."

Ó jókòó sórí igi tó dà sílẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Òsì lo fi wáyé. O ò tíì lè rìn, òsì lo fi ń di ọmú mú. Òsì lo fi ń jẹun, òsì lo fi ń ju òkúta. Ojú wá ń ti bàbá rẹ nínú ìjọ. Ìyá tó bí bàbá rẹ náà ní ọmọ tó bá ń fi òsì gba nǹkan, àgbà ò ní súre fún un. A wá fi ọ̀já dì í mọ́ ọ lára."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí o fi gbàgbé. Bí a bá tú u, tí o bá tún fi mú nǹkan, a óò fi ata ra á."

"Ṣé mo sunkún?"

"O sunkún. Nígbà tó yá o ò sunkún mọ́, o ò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Odidi ìgbà òjò kan, o ò fọhùn. A ti rò pé o yadi. Ọjọ́ tí o máa tún sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún lo nà sí oúnjẹ. Bàbá rẹ ṣe ìdúpẹ́ nínú ìjọ."

Mo bi í léèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún mi, ní gbogbo ọdún tí mo fi wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Lámídì, tí wọ́n ń pè mí ní Ọlọ́wọ́-Igi, tí mò ń wálé láti sunkún fún òun gan-an.

"Kí ni ǹ bá sọ? O ti gbàgbé. Mo rò pé ohun tí ọmọ bá ti gbàgbé, kò sí mọ́ nìyẹn." Ó fi etí ìró nu ojú. "Jídé, ṣé wàá bínú sí mi?"

Mo wò ó. Ó ti gbẹ, ó ti kéré, ojú rẹ̀ kan ti ń funfun. Ó wù mí kí n sọ pé rárá.

"Mi ò tíì mọ̀, Màmi."

A se iṣu náà. Mo fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò.

Nígbà tí mo padà dé Iléṣà, mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo fa ìlà sórí pákó, mo sì mú ayùn ní òsì. Ayùn lọ tààrà. Ẹ ó rò pé mo yọ̀. N kò yọ̀. Mo jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó náà, mo sunkún títí Àbẹ̀ní fi sá jáde wá. Ẹ wò ó, bí wọ́n bá sọ fún ẹni tó ti dàgbà pé ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ jẹ́, kì í ṣe òun, kì í ṣe ayọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Mo ronú kan gbogbo òrùlé tí mo dúró lábẹ́ rẹ̀. Mo ronú kan ọkùnrin tí ì bá ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, tí kò ní rò pé ẹ̀rọ nìkan ló lè gba òun là. Ọkùnrin yẹn kò ní sí nídìí abẹ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Mò ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣọ̀fọ̀ Kọ́lá.

Kò sì rọrùn lẹ́yìn náà. Òsì mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò ní agbára. Kò gbé òòlù rí ju ẹ̀ẹ̀kan yẹn lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látòkèdélẹ̀ ní ọjọ́ orí tí ẹgbẹ́ mi ti ń gba ọmọ iṣẹ́. Mo ní kí oníbàtà bá mi rán awọ kan tí mò ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, òun ni mo fi ń tẹ igi mọ́lẹ̀. Mo ṣe àpótí ìjókòó, mo tú u, mo tún un ṣe. Nígbà tó yá, ó di ohun tí mo lè fi han ènìyàn.

Mo ya ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, mo sì ta àpò sí iwájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ọwọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu kì í dákẹ́ ní Iléṣà. Bàbá onílé kan gbé ilẹ̀kùn padà wá bá mi. Ó ní, "Jídé, ilẹ̀kùn yìí dára. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká má tíì wá sọ pé ká fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀." Ìyá Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀ kọ ibùsùn ọmọ tí mo ṣe fún àbúrò ìyàwó mi. Ó ní kí n má bínú, pé ọmọ tuntun ni, ẹnì kan kò mọ ohun tó lè tẹ̀ lé e. Mo gba ibùsùn náà, mo tún àpò iwájú ṣọ́ọ̀bù ta kó nípọn sí i. Bí ènìyàn bá kànkùn, mo máa ń gbé ayùn sí ọ̀tún, kùkù tí kò lè di nǹkan mú, mo máa ń ṣe bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró.

Àbẹ̀ní gbé oúnjẹ wá lọ́jọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣe eré yẹn.

"Bàbá Tọ́pẹ́, ta lẹ ń sá fún?"

"Àwọn oníbàárà."

"Èwo nínú wọn? Àwọn tó ti lọ àbí àwọn tí kò tíì wá?" Ó gbé abọ́ kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Mo fẹ́ ọkùnrin tó kórìíra ọwọ́ rẹ̀, mo sì fara dà á, torí pé kò mọ̀. Mi ò lè fara da ẹni tó rí ọwọ́ rẹ̀ tán, tó wá fi àpò bò ó. Bàbá yín dì í, ó ní ìjọ ló fà á. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló wá ń dì í báyìí?"

Kò dúró gbọ́ èsì. N kò lè jẹ oúnjẹ náà. Ní ọjọ́ kejì mo já àpò yẹn lulẹ̀. Mo gbé tábìlì iṣẹ́ síta sí ojú títì, mo mú ayùn ní òsì, mo sì ń gé igi níṣojú ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Àwọn kan pòṣé. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ gba òdìkejì títì. Oníbàárà tó lọ, kò padà mọ́. Àwọn mìíràn wá, díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ilẹ̀kùn mi kì í wọ́.

Mo gbé àpótí ìjókòó kan, mo lọ kí Ọ̀gá Lámídì ní Òṣogbo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. Ó gba àpótí náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi ìka tọ gbogbo ojú ibi tí igi ti so pọ̀.

"Iṣẹ́ ta nìyí?"

"Iṣẹ́ mi ni, Ọ̀gá. Òsì ni mo fi ṣe é. Òsì ni wọ́n bí mọ́ mi, èmi ni n kò mọ̀."

Tẹ̀sùbáà rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ló rọra ti àpótí náà padà sọ́dọ̀ mi.

"Ó dára. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

"Ọ̀tún ni mo kọ́. Ọ̀tún ti kú."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé àpótí mi, mo jáde. Nígbà tó kú, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, mo máa ń dákẹ́. Bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ìyá mi náà lọ. Kí ó tó lọ, mo sọ fún un pé n kò bínú mọ́. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òtítọ́ lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, ìdajì tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di òtítọ́ ni.

Ọdún gorí ọdún. Ẹ̀rọ kékeré tí kò nílò wáyà dé, tí ń lu ihò bí ẹni ń fi ìka gún ẹ̀kọ. Àwọn oníbàárà kò sọ̀rọ̀ mọ́, fóònù ni wọ́n ń nà sí mi pé, "Ẹ ṣe bí eléyìí." Mò ń ṣe é. Àwọn èwe tó dàgbà sí àdúgbò náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun ìyanu kan wà nínú ọwọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́.

Nígbà náà ni Ìyá Bùnmi, ìyàwó Kọ́lá, wá. Láti ọjọ́ ọsibítù, bí a bá pàdé lọ́nà, ó máa ń kí mi, kì í dúró. Lọ́jọ́ yẹn ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wò mí títí mo fi gé igi tó wà níwájú mi tán.

"Ìgbà wo lẹ ti ń fi òsì ṣe é?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀já, ata, ìgbà òjò tí n kò fọhùn. Kò já mi lẹ́nu.

"Ká ní ẹ ti mọ̀ nígbà náà ńkọ́?"

"Bóyá ǹ bá má sí nídìí ẹ̀rọ yẹn. Bóyá ǹ bá ṣì wà níbẹ̀, kí ó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ náà. Mo ti rò ó títí, mi ò rí òpin rẹ̀."

"Èmi náà ti rò ó." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Bùnmi ń lọ sílé ọkọ. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi kan ibùsùn rẹ̀."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. "Èmi?"

"Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe pé mo ti dárí jì yín. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ẹ ṣẹ̀ mí. Mo rí iṣẹ́ yín nílé ẹlòmíràn ni, ó dára. Ohun tó dára ni bàbá rẹ̀ ì bá fẹ́ fún un."

Mo kan ibùsùn náà. N kò gba iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n wá gbé e, Ìyá Bùnmi fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí rẹ̀ láti òpin kan dé èkejì, ó ní, "Ẹ ṣé," ó sì tẹ̀ lé ọkọ̀ tó gbé e lọ. Kò tún wá mọ́. N kò sì retí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní kí n sọ̀rọ̀, n kò mọ iṣẹ́ tí ẹ ó yàn. Gbogbo iṣẹ́ ló ní ọgbẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá ń kọ̀ fún yín láìdáwọ́ dúró, tí gbogbo ayé sì ní ẹ̀yin lẹ burú, ẹ lọ bá àwọn tó tọ́ yín. Ẹ bi wọ́n léèrè pé, "Kí ni mo jẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí tún mi ṣe?" Ẹ béèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé tí wọ́n lè dáhùn, kí ẹlòmíràn má bàa jókòó sílẹ̀ jẹ́jẹ́ níwájú yín, kó máa bi yín ní ohun tí ẹ kò ní èsì sí.